Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Pa Ẹnu Mọ́

Ọmọ Èkìtì ni mí, ọmọ orí òkè. Kí n tó fẹ́ ọkọ mi, omi tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ ni èyí tí a ń pọn sínú ìkòkò. Ọmọ Ìlàjẹ ni òun ní tirẹ̀. Etí òkun ni wọ́n bí i sí, nínú ilé tí wọ́n gbé ka orí òpó igi, tí omi ń ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó wá tọrọ mi, ìyá mi pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Ọmọ olómi nìyí o. Ṣé wàá lè bá a kalẹ́?" Mo dá a lóhùn pé London là ń lọ, a ò lọ sínú omi. Ọmọdé ló ń ṣe mí.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a fi gbé agbègbè Woolwich kí ọ̀rọ̀ omi tó dé. Òun ń wa bọ́ọ̀sì, èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó nílé ìtọ́jú kan lápá Plumstead. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin, ó wà ní Manchester pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọdún tí ọkọ mi fẹ̀yìntì gan-an ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Kò le púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ padà sípò, ẹnu rẹ̀ padà sípò, ìdùnnú rẹ̀ ni kò padà. Ilé wa wà ní Thamesmead West, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà lẹ́yìn wa, odò ló wà níwájú. Láti àárọ̀ ni ọkùnrin yìí á ti gbé àga síwájú fèrèsé, á máa wo odò. Bí mo bá ní, "Daddy, kí lẹ ń rò?" á ní kò sí nǹkan. Odidi ọdún kan, kò sí nǹkan! Mo bínú, mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo tún bínú. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó dákẹ́ gbélé. Ká jà, kó tán, ká jẹun, èyí ló yé mi.

Ohun kan ṣoṣo tó ń pa á lẹ́rìn-ín ni ohùn ìyá rẹ̀. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ìlú wọn náà ló sì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ń jẹ ìlú náà lọ lọ́dọọdún. Ilé ìwé ti lọ, ọjà ti lọ, ibi tí wọ́n ń sin òkú sí ti lọ. Wọ́n ní kí Màmá kó lọ sókè níbi tí ilẹ̀ wà, ó ní ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í sá fún omi. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, àbúrò ọkọ mi tí wọ́n jọ ń gbé á gbé fóònù sí i lẹ́nu, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí wa. Ìdajì rẹ̀ á jẹ́ àdúrà, ìdajì á jẹ́ èébú. "Ìwọ ọmọ yìí, ọdún mọ́kànlá! Ṣé títí omi á fi gbé àga lọ lábẹ́ ìdí mi lo fẹ́ kí n máa retí rẹ ni?" Òótọ́ ló sọ. Ọdún mọ́kànlá ni a ò délé. Lónìí iṣẹ́, lọ́la àìsàn, lọ́túnla ìgbéyàwó ọmọ. Bí ọdún ṣe ń lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Màmá yí ohùn padà. Ó ní, "Àwọn tó ń bá bàálù wálé, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò, wọ́n á tún sá lọ. Ẹni tó bá bá omi wá kì í kánjú. Bàbá rẹ kọ́ ẹ ní ìgbòkun, àbí o ti gbàgbé? Bá omi wá. Màá jókòó sójú ilé kí n lè rí ẹ lókèèrè." Apẹja ni bàbá rẹ̀, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ló ní, àpò ìyẹ̀fun ló sì fi ń rán ìgbòkun rẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó dìde lórí àga, ó lọ fá irùngbọ̀n rẹ̀.

Kí oṣù tó parí, ó ti ra ọkọ̀ onígbòkun kan lọ́wọ́ òyìnbó arúgbó kan, ní èbúté kékeré kan ní òdìkejì odò. Ferry Woolwich la máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ náà gùn díẹ̀ ju pálọ̀ wa lọ, ibi ìdáná rẹ̀ kò ju àpótí aṣọ lọ, ibi tí a ó máa sùn há débi pé bí ẹnì kan bá yí padà, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ yí. Ó tẹ́ àwòrán òkun sórí tábìlì oúnjẹ, ó ń fi ìka fa ọ̀nà. Ramsgate, ilẹ̀ Faransé, ilẹ̀ Potogí, Dakar, títí dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. "Oṣù mẹ́fà, bóyá méje," ó ní. "Àwa méjèèjì." Mo ní, "Ta ni àwa méjèèjì?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Háà, Ọlọ́run mi, ẹ̀rín yẹn! Mo ti ń wá a fún ọdún kan gbáko. Mo ní ó dáa, mo ń bá yín lọ. 

Ọmọ wa ní kí ni, ṣé orí wa pé? "Daddy is seventy o! Mummy, o kò tiẹ̀ lè swim!" Mo ní kó fi wá sílẹ̀. Gbogbo ìgbà ẹ̀rùn la fi kọ́ bí a ó ṣe máa wa ọkọ̀ náà. Ọkọ mi á jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, á máa pàṣẹ, "Fà á! Tú u! Dì í mú, Mummy, dì í mú!" Èmi á máa fà, màá máa bì, màá máa bú u. Òun á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú wa dùn nígbà yẹn. Kì í ṣe díẹ̀.

Nígbà tó kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká ṣíkọ̀, ìgbòkun ńlá ya níbi mẹ́ta. Ilé wa kò gbà á, ilẹ̀ èbúté kún fún epo dúdú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dì í sẹ́yìn mọ́tò, ó di pápá Plumstead Common. Ọjọ́ Tuesday ni, oòrùn mú. A tẹ́ ẹ sórí koríko, funfun báláú. Obìnrin ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ kọjá bi wá bóyá crusade la fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lọ mú ọrẹ rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ sórí ìgbòkun, abẹ́rẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọrin ìjọ. Ìgbà yẹn ni fóònù mi dún.

Àbúrò ọkọ mi ni. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé wọn kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà "ọkọ mi" ni mò ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. "Ìyàwó," ó ní, "ṣé ẹ̀gbọ́n mi wà nítòsí?" Mo ní òun nìyí níwájú mi. Ó ní kí n rìn kúrò. Mo rìn dé ìdí àwọn igi.

"Màmá ti sùn," ó ní. "Láàárọ̀ yìí. Orí àga ló wà."

Mo la ẹnu láti ké. Ó ní, "Ìyàwó, má pariwo! Má jẹ́ kó gbọ́. Ẹbí ti jókòó. A ò ní sọ fún un."

"Ẹ ò ní sọ fún un báwo?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Rọpárọsẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ wọ òkun, òkú la fẹ́ gbé lé e lórí? Jẹ́ kó gúnlẹ̀ síbí. Bó bá gúnlẹ̀, tó jẹun, tó sinmi, àwọn àgbà á pè é wọ yàrá, wọ́n á sọ fún un bó ṣe yẹ."

"Ìsìnkú ńkọ́?"

"Friday. Mọ́ṣúárì jìnnà, omi sì ti kún ọ̀nà. Òkè la máa gbé e lọ."

Mo ní, "Òun ni àkọ́bí."  Ó ní òun mọ̀, òun ni òun á bu iyẹ̀pẹ̀ dípò rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ẹbí ló rán mi sí ẹ. Má dójú tì wá."

Ìṣe wa nìyẹn, gbogbo Yorùbá tó wà lókè òkun ló mọ̀ ọ́n. Bàbá á kú, wọ́n á ní bàbá ń sùn. Ìyá á kú, wọ́n á ní ìyá lọ àdúrà, fóònù bàjẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Wọ́n á máa wá àgbà méjì tó lè jókòó ti ẹni náà kí wọ́n tó la ẹnu. Ikú bàbá tó bí mi, oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi pamọ́ fún mi. Nígbà tí mo gbọ́, mo fọ́ àwo mẹ́fà. Lẹ́yìn náà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí oyún ọmọ wa ló wà nínú mi nígbà yẹn, ó sì ti kọ́kọ́ fẹ́ bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun kọ́ mi ní òmíràn. Nílé ìtọ́jú yẹn, bí arúgbó bá kú, wákàtí kan kò gbọdọ̀ kọjá kí a tó pe àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń ní kó pè wọ́n, wọ́n ní ohùn mi tutù. Ẹ ò gbà á gbọ́, àbí? Àwọn ọmọ á sunkún, wọ́n á wọ mọ́tò, wọ́n á dé, wọ́n á di ọwọ́ òkú mú nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo máa ń sọ nínú mi pé òyìnbó, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀. Síbẹ̀ kò sí èyí tí kò bá òkú ìyá rẹ̀ nínú wọn.

Bàálù ń lọ sí Èkó láti Heathrow lójoojúmọ́. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Tuesday la wà, ìsìnkú di Friday. Mo ṣe ìṣirò yẹn níbi tí mo dúró sí lábẹ́ igi, kí fóònù tó kúrò létí mi. Kí ẹnikẹ́ni má gbèjà mi pé n kò mọ̀.

Mo padà sídìí ìgbòkun. Ó ní, "Ta ni yẹn?" Mo ní ọmọ wa ni, ó kí wa kú iṣẹ́. Ó ní, "Wá di ibí yìí mú. Màmá á rí rírán yìí lókèèrè, á ní ta ló rán an játijàti báyìí." Mo kúnlẹ̀, mo dì í mú. Mo dì í sódì lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé ó rẹ̀ mí ni, ó ní kí n lọ jókòó sínú mọ́tò.

Ní Wednesday, ó ní ká lọ sí ọjà Beresford Square, òun fẹ́ ra ibora fún Màmá, nítorí atẹ́gùn òkun ń mú un lálẹ́. A lọ. Ó ń tú ibora, ó ń fi wọ́n pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń bi mí léèrè. Mo ní èyí aláwọ̀ búlúù ló nípọn jù. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi yìí. Ó rà á. Nígbà tí a dúró de bọ́ọ̀sì, mo wo ojú rẹ̀, ó gbá ibora náà mọ́ra. Mo ní, "Daddy." Ó ní, "Hẹn?" Bọ́ọ̀sì dé, awakọ̀ náà mọ̀ ọ́n láti ibi iṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwàdà. Mo wọlé jókòó.

Ní Thursday, mo pe ọmọ wa, mo sọ fún un, nítorí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ bẹ́ mi nínú. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mummy, o gbọ́dọ̀ sọ fún Daddy. Today. Ìyá ẹ̀ ni! Tó bá jẹ́ ìwọ, èmi máa fẹ́ mọ̀." Dípò kí n gbọ́, inú bí mi. Mo ní kó má fi òyìnbó kọ́ mi níwà. Mo ní bó bá la ẹnu sọ ọ́, tí ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ru, tí nǹkan sì ṣe é, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà wà. Mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí ọmọ tí mo bí. Ó pa ẹnu mọ́, èyí tí mo fẹ́ nìyẹn.

Sọ òtítọ́ kí ojú ti èṣù. Kì í ṣe nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan, kì í sì ṣe nítorí ẹbí nìkan. Ọkùnrin tó ń kọrin lórí ìgbòkun yẹn ni n kò fẹ́ pàdánù. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, a ò ní lọ síbì kankan mọ́, á padà sórí àga iwájú fèrèsé, á ní kò sí nǹkan. Mo tún fẹ́ kó wà láàyè fún mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìmọtara-ẹni-nìkan ni. Mo fi aṣọ ìṣe bò ó.

Ní Friday, lásìkò tí wọ́n ń gbé Màmá sọ̀kalẹ̀, ọkọ mi ń kun ara ọkọ̀ ní ọ̀dà. Àbúrò rẹ̀ fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ èbúté, mo ṣí omi ẹ̀rọ kó máa pariwo, mo wò ó. Mo rí àbúrò rẹ̀ tó bu iyẹ̀pẹ̀. Mo pa fídíò náà rẹ́, mo bọ́jú, mo jáde. Ó ní kí n wò ó, ṣé ọ̀dà náà dán.

Lọ́jọ́ tí a máa ṣíkọ̀, ìjọ wa wá gbàdúrà fún wa. Aládùúrà ni wá, ilé ìkẹ́rùsí kan ni a fi ṣe ìjọ ní Thamesmead. Wọ́n wọ ferry kọjá wá, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, àwọn òyìnbó ń fi fóònù ya wọ́n. Wọ́n yí wa ká létí ọkọ̀, wọ́n kọrin, wọ́n wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí ìgbòkun. Mo ti mọ̀ pé àbúrò ọkọ mi ti pe olórí ìjọ láti ìgbà ìsìnkú. Bí mo ṣe ń wo ojú kọ̀ọ̀kan tí ó ń yẹ̀ sẹ́yìn, mo rí i pé gbogbo wọn ti gbọ́. Ọkọ mi bọ́ fìlà. Ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n bá òun bẹ Ọlọ́run kó dá ẹ̀mí ìyá òun sí títí òun á fi gúnlẹ̀, kí ojú òun rí ojú rẹ̀. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Lẹ́yìn náà ẹnì kan ní "Àmín", gbogbo wọn bá ní "Àmín". Èmi náà ní "Àmín".

Omi ń fà lọ sísàlẹ̀ nígbà tí a tú okùn. A kọjá Woolwich, a kọjá Thamesmead, mo rí fèrèsé ilé wa láti orí omi. Ó gba ọjọ́ mẹ́ta ká tó dé Ramsgate, a ń sùn sí èbúté lójú ọ̀nà. Mo bì, mo gbàdúrà, mo sun ẹkún tí mo ní atẹ́gùn ló fà á. Òun ń dán bí ọmọ ogún ọdún. Ní Ramsgate, atẹ́gùn le, wọ́n ní kí ọkọ̀ kékeré má tíì gba òkun kọjá sí ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ márùn-ún la fi dúró.

Lójoojúmọ́ ló ń pe ilé. Màmá ń sùn. Màmá wà ní ilé àdúrà. Màmá ń wẹ̀. Ó ti pé bí oṣù kan tí kò gbọ́ ohùn tuntun, wọ́n ní fóònù tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ ló bàjẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ọ̀la ni mo máa gba òkun kọjá. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́. Wá fóònù yá, kó súre fún mi." Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń bó iṣu. Mo rò pé àbúrò rẹ̀ á jẹ́wọ́ wàyí, gbogbo ara mi sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́wọ́.

Lẹ́yìn wákàtí kan, fóònù dún. Ohùn Màmá ni. "Ọmọ mi, kú ìrìn o. Ọlọ́run á tì ẹ́ lẹ́yìn. Má kánjú o, mo wà ńbí, mò ń retí rẹ."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbọ́ ìyá mi!" Ó tún un gbọ́. Ó gbé e sún mọ́ etí, ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ohùn Màmá, agogo ń dún, agogo àdúrà ọ̀sán, ti ṣọ́ọ̀ṣì iwájú ilé wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, òkun ti gbé e lọ ní òjò èṣí, tòun ti agogo rẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló fi ẹkún sọ ọ́ fún wa nígbà náà.

Ó rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ó wò mí. Kò bi mí bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́ ni.

Ó ní, "Ìgbà wo?"

Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo iṣu. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun..."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Tuesday. Ọjọ́ tí a rán ìgbòkun."

"Wọ́n ti sin ín?"

"Friday, sà."

"Friday ọ̀sẹ̀ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ń ronú padà, mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń mú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Wednesday la ra ibora." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ lo ní ká mú èyí tó nípọn."   Ó ní, "Àwọn ará ìjọ. Wọ́n ní Àmín."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ì bá gbá mi létí, ì bá ju fóònù sómi, ì bá pariwo kí gbogbo Ramsgate gbọ́, mo ti gbà. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mo ní ẹbí ni, mo ní n kò fẹ́ pàdánù yín ni. Ó fara balẹ̀ tú ọwọ́ mi kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Wákàtí mẹ́fà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì atẹ́gùn rọ̀, gbogbo ọkọ̀ tó wà ní èbúté ń jáde lọ sí ilẹ̀ Faransé. Àwa yí orí padà sí London. Ọjọ́ mẹ́ta náà la tún fi padà, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju àṣẹ okùn lọ. Fà á. Tú u. Mo ń fà, mo ń tú. N kò bì rárá nígbà yẹn, ara mi ti gbàgbé.

Lẹ́yìn oṣù kan ó bá bàálù lọ sílé, òun nìkan. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ó rí ibojì náà lórí òkè, ọmọ wa ló sọ fún mi. Ó ti dárí ji àbúrò rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sunday, mo máa ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú yàrá. Olórí ìjọ wá dọ̀bálẹ̀, ó fà á dìde. Èmi nìkan ló kù. Àwọn wọ̀nyẹn jìnnà sí i, èmi ni mo sùn tì í ní òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn.

Kò fi ilé sílẹ̀ fún mi o. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń bá mi gbé ẹrù láti ọjà, bí ikọ́ bá ń ṣe mí á lọ ra oògùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ilé dé, kò tíì bá mi sọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi sọ. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ìbínú. Gẹ̀ẹ́sì tó fi bá àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ni, èyí tó tutù, tó mọ́ tónítóní, tí kò ní ẹnikẹ́ni nínú. Èmi náà a máa dá a lóhùn ní Yorùbá, mi ò jẹ́ yí i padà láé.

Láàárọ̀ yìí mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Daddy, ẹ bú mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ sọ gbogbo ohun tó wà nínú yín."

Ó gba àwo lọ́wọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ kan dì mí mú kí n lè dìde, nítorí orúnkún mi.

"Thank you," ó ní. "That's very kind."